Kí Òfin Kọ́kọ́ De Ádímìn: Lẹ́tà Gbangba láti Igbógìlà

Ẹ̀yin ádímìn gúrúùpù WhatsApp àwọn ìlú wa, láti Igbógìlà dé Ayétòrò, láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í san owó fún yín. Dátà yín lẹ fi ń gbé ìkéde òkú, ìkéde ìpàdé, orúkọ ọmọ tó sọnù àti iye tí a dá fún ẹni tó wà ní ọsibítù. Ẹ̀yin náà lẹ ń jí lóru láti pa ìjà tí ẹ kò dá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn yín ló kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí púpọ̀ nínú yín ń gbà darí ọ̀rọ̀ òṣèlú kò dára rárá, ìlú ló sì ń jìyà rẹ̀.

Òfin kan wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo òfin lọ: "A kò fẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú níbí." Ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. Bí olóṣèlú kan bá ń ṣọjọ́ ìbí, àwòrán rẹ̀ á kún gúrúùpù láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àdúrà á sì máa rọ̀ bí òjò. Bí ó bá pín ìrẹsì, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n pè é ní ìrónilágbára, fídíò kan náà á wọlé láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta, ádímìn gan-an á sì fi àtẹ́wọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò ní pe ìyẹn ní òṣèlú. Kí ẹnì kan wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, owó ta ni wọ́n fi ra ọ̀kadà wọ̀nyí? Ọ̀nà tí wọ́n ṣèlérí lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" Kíá, ádímìn á ní, "Ẹ rántí òfin gúrúùpù o." Bí ẹni náà bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Ohun tí òfin yẹn ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò lé òṣèlú jáde nínú gúrúùpù. Ìbéèrè nìkan ló lé jáde. Ẹni tó ń yin olóṣèlú ní ààyè, ẹni tó fẹ́ kí olóṣèlú jíhìn kò ní. Kí a tó máa sọ̀rọ̀ nípa èébú àti irọ́, ẹ kọ́kọ́ pa òfin yìí rẹ́, tàbí kí ẹ lò ó dọ́gbadọ́gba: bí ìbéèrè kò bá lè wọlé, kí àwòrán ọjọ́ ìbí náà má wọlé.

Ẹ̀ka ìpínlẹ̀ wa yìí, Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ dí. Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn kankan kò tíì jókòó sórí àga gómìnà. Ìjẹ̀bú ti ṣe é, Ẹ̀gbá ti ṣe é, Rẹ́mọ ti ṣe é. Nínú ìbò gómìnà ọdún 2019, Adékúnlé Akinlade tó jẹ́ ọmọ Ìpókíá ní ìbò 222,153, Dàpọ̀ Abíọ́dún sì ní 241,670. Àlàfo àárín wọn kò tó 20,000. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì jókòó sọ ohun tó fà á tí ọmọ wa fi pàdánù: ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun tó bọ́ sí ni, ṣé ọmọ wa mìíràn tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ míì ló pín ìbò, àbí pé a kò jáde dìbò tó ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ìlú jókòó rò nìyẹn, pẹ̀lú iye ìbò wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Níbo la fẹ́ ti rò ó? Ìpàdé ààfin kì í wáyé lójoojúmọ́, gbogbo ènìyàn kò sì lè débẹ̀. Inú gúrúùpù ìlú nìkan ni àgbẹ̀ tó wà lóko, awakọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìrókò, ìyá oníṣòwò tó ń gbé Ìpòbẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ti lè gbọ́ ohùn ara wọn lọ́jọ́ kan náà.

Àpapọ̀ yìí gan-an ló mú kí iṣẹ́ yín le, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó wà ní Peckham lè bú bàbá ẹnì kan kó sì pa fóònù rẹ̀ sùn. Àwọn tó kù ní Igbógìlà ni wọ́n máa pàdé ọmọ bàbá náà lọ́jà. Àwọn kan ti wá ń sọ pé kí ẹni tí kò bá dìbò nílé má sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ìyá tó wà ní Ìpòbẹ́ kò ní káàdì ìdìbò Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ló dúró. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ ká fi òfin dè ni èébú ìran: "ẹrú", "àtọ̀húnrìnwá", "Ègùn lásán-làsàn". Ẹ wo iye ìgbà tí àríyànjiyàn lórí olùdíje kan ti yí padà di ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Kétu, Ọ̀họ̀rí, Ànàgó, Ègùn àti Àwórì wà lára àwọn tó pàpọ̀ ní ẹ̀ka yìí. Bí a bá ń fi ìran ja ìjà òṣèlú, a ò ní rí ẹni tó máa kù láti dìbò fún. Kí òfin sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ọwọ́ olùdíje ni a ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá bú ìran, kí ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ olówó tó ń ra dátà fún gúrúùpù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí irọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n pa ènìyàn ní agbègbè Ẹ̀gùá nínú ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò lóko. Ẹ rántí àwọn fọ́ìsì nóòtì ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ yóò máa mí gúlegúle, yóò ní wọ́n ti dé ìlú báyìí báyìí. Òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn sì jẹ́ ohùn láti ìpínlẹ̀ mìíràn, láti ọdún mìíràn. Àwọn ádímìn tí mo mọ̀ ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa ṣàn, tàbí wọ́n ti gúrúùpù pa kí ádímìn nìkan lè sọ̀rọ̀. Èkejì ló dùn mí jù. Nígbà tí ẹ ti ibi tí gbogbo ìlú wà pa, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Inú gúrúùpù kéékèèké ló sá lọ, níbi tí èrò gbogbo èèyàn ti dọ́gba, tí kò sí ẹni tó máa sọ pé, "Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀."

Ilé-iṣẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú. Lẹ́yìn tí irọ́ orí fóònù mú kí wọ́n lu ènìyàn pa ní Íńdíà ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà dín iye ibi tí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2019, ó di ibi 5 fún gbogbo ayé, ní oṣù kẹrin ọdún 2020 sì ni èyí tó ti rìn káàkiri jù di ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dín eré irọ́ kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè béèrè pé ta ló rí i. Ẹ̀yin lẹ lè béèrè. Òfin tó yẹ ká ní kò gùn: ẹni tó bá gbé ìròyìn ìjà, ikú tàbí ìbò wọlé, kó sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ẹni tó fojú rí i. Bí kò bá mọ̀, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ̀. Bí ó bá sì já sí irọ́, ibi tó ti sọ ọ́ náà ni kó ti kó o jẹ.

Ẹ̀rù òfin ìjọba ń bà yín, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù náà nídìí. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 ti gbé oníròyìn àti ọmọ ìlú lásán dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní oṣù kẹta ọdún 2022 ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024, síbẹ̀ ó ṣì ń mú ènìyàn. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Benin, òfin orí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 ni wọ́n fi dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún oníròyìn Ignace Sossou ní ìparí ọdún 2019, nítorí ohun tó kọ sórí Twitter. Ẹni tó wà ní Igbógìlà àti ẹni tó wà ní Ìpòbẹ́ lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kí òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú wọn. Èyí gan-an ló fi yẹ ká ní òfin tó ṣe kedere. Ìbéèrè nípa owó ìjọba kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tí a mọ̀ pé irọ́ ni, tó lè fa ìjà, ni òfin ń wá. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú òfin gúrúùpù, ọkàn yín á balẹ̀.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ èyí tó wúwo jù. Ta ló ń dá ádímìn lẹ́jọ́? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Síbẹ̀, ẹ máa ń yọ ènìyàn láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rárá. Àárọ̀ la máa rí i pé wọ́n ti yọ Bàbá Káfíńtà, a ò mọ ìdí, a ò mọ ìgbà tó máa padà, ẹ̀rù á sì mú àwọn tó kù dákẹ́. Nígbà mìíràn, ádímìn tó yọ ọ́ ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọ́ọ̀dù wa. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Henry Robert, tú ìwé òfin ìpàdé kan jáde ní ọdún 1876, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń lò kárí ayé. Ohun kan nínú rẹ̀ yẹ wá: alága tó bá fẹ́ dá sí àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga, kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi èyí sínú òfin yín. Ádímìn tó bá ní káàdì ẹgbẹ́, kó kéde rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá délẹ̀, kó gbé bọ́tìnì ádímìn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí a bá sì fẹ́ yọ, kí a kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un ní gbangba, kí a sọ òfin tó rú, kí àwọn mẹ́ta tí kì í ṣe ádímìn gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí a sì sọ ọjọ́ tó máa padà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù, tí mo fẹ́ kí ẹ fi sí ọkàn. Ẹ kọ òfin náà ní Yorùbá. Gúrúùpù tí mo mọ̀ pọ̀ tí òfin rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀, tí ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì lè kà á. Ẹ má sì fòfin de fọ́ìsì nóòtì, nítorí àwọn ìyá wa tí kì í kọ̀wé, ohùn nìkan ni wọ́n ní. Ìṣẹ́jú méjì tó fún ẹnì kan.

Ìbò ọdún 2027 ti súnmọ́lé. Kí ìpolongo tó gbóná, ẹ gbé òfin tuntun náà sí iwájú gbogbo ọmọ gúrúùpù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ṣàtúnṣe sí i, kí wọ́n dìbò lé e lórí. Lẹ́yìn náà, kí orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yọ, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ àti orúkọ ádímìn tó yọ ọ́, wà níbi tí gbogbo ìlú ti lè rí i.