"Tako" àti Iṣẹ́ Tí Ó Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì nì, "oppose", bá ti yọjú nínú ìwé ẹ̀kọ́, "tako" ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú.

Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣẹ̀ wá: "ob", èyí tí í ṣe "kọjú sí", àti "ponere", èyí tí í ṣe "gbé kalẹ̀". Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà kọ́ ni ìpilẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe kí a gbé nǹkan kan kalẹ̀ kí ó kọjú sí òmíràn.

"Tako" ní tirẹ̀ kò ṣe é yà kúrò lára èrò. Aṣòfin a máa tako àbá. Ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan a máa tako ti èkejì, nítorí pé ẹnu ènìyàn ni ẹ̀rí ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí dáńfó méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, tí ọ̀kan ń lọ sí Ìbà, tí èkejì ń bọ̀ wá sí Okokomáíkò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n tako ara wọn, àfi bí awakọ̀ kan bá gba ọ̀nà ẹlọ́nà. Wọ́n kọjú síra ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára méjì inú òfin kẹta ti Newton: wọ́n dọ́gba, wọ́n sì kọjú síra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá kọ́ pé wọ́n "tako" ara wọn yóò rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ borí, tàbí pé wọ́n pa ara wọn rẹ́. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí pé ara ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣini lọ́nà jù ni ẹ̀kọ́ iná mànàmáná. Ẹni tí ó ń tún rédíò ṣe ní ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́, mọ iṣẹ́ rẹsítọ̀ dáadáa. Bí bátìrì bá jẹ́ fóltì 12, tí rẹsítọ̀ jẹ́ óòmù 6, áńpíà 2 ni yóò kọjá. Bí ó bá jẹ́ óòmù 12, áńpíà 1. Kò dá iná padà, kò sì sé ọ̀nà mọ́ ọn pátápátá. Ó dín in kù, ó sì ń gbóná. "Ìdíwọ́" ni orúkọ tí ó yẹ ohun tí ó ń ṣe yìí. Kí "ìdènà" wà fún rọ́bà ara wáyà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ráyè kọjá.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan ni ó rọrùn fún ìwé atúmọ̀. Ó rọrùn fún olùtúmọ̀ lóòótọ́. Ọmọ ilé-ìwé ni yóò jìyà rẹ̀. Ètò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá. Àìpéye ọ̀rọ̀ ni kò yẹ kí ó tún dí i lọ́wọ́.

Síbẹ̀, "tako" ní ibi tí ó bá a mu nínú ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Òfin tí Lenz gbé kalẹ̀ ní 1834 sọ pé bí wọ́n bá ti òòfà bọ inú wáyà tí wọ́n wé róbótó, tí orí wáyà náà sì so pọ̀, iná tí ó ṣẹ̀ níbẹ̀ a máa ti òòfà náà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fà á jáde, a tún máa fà á padà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, òdì rẹ̀ ni yóò ṣe.