Ọjọ́ A Bá Kú Ni À Ń Dère

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ọ̀rọ̀ náà ni wí pé àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú èdè Yorùbá ti fi ẹ̀ka kan nínú orin wa sílẹ̀ fún àwọn àjèjì láti máa bá wa tọ́jú. Ẹ̀ka náà ni orin àwọn obìnrin tí wọ́n fi ohùn wọn mú ilé ijó àti gbàgede fàájì dùn ní nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù ṣe àpẹẹrẹ. Jọ́ọ̀sì ni a gbé bí àwọn ìbejì yìí ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1948, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Ní 1968 ni àwo wọn àkọ́kọ́, Ìyá Mi Jọ̀wọ́, jáde. Ní 1972, wọ́n bá ẹgbẹ́ Salt, ẹgbẹ́ Ginger Baker ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ kọrin ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì ní àkókò ìdíje Òlíńpíìkì. Láàrin 1976 sí 1979, àwo ńlá mẹ́rin ni wọ́n ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Kì í sì í ṣe orin ìfẹ́ nìkan ni wọ́n kọ. Nínú Cashing In, wọ́n bá àwọn tí ń kówó jọ lórí ìyà òtòṣì wí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ọkùnrin mélòó ni ó láyà bẹ́ẹ̀?

Kí ni a fi san án fún wọn? Àwọn méjèèjì kò fi pamọ́ wí pé èrè iṣẹ́ wọn kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi Brooklyn ṣe ibùgbé. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi eegun ẹ̀yìn pa. Orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lẹ́nu wa díẹ̀díẹ̀. Àfi ìgbà tí ó di 2011 àti 2012 tí ilé iṣẹ́ Knitting Factory ní New York tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wí pé, àwọn wo nìyí? Ní 2014 ìbejì náà tún gun orí ìtàgé. Kẹ́hìndé sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ní 2024, ilé iṣẹ́ mìíràn ní Chicago, Numero Group, tún gbé Horizon Unlimited jáde.

N kò bá àwọn àjèjì wọ̀nyí jà. Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Àwa ni mo ń bá wí. Ẹ wo àkọlé àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì èyíkéyìí tí ó bá sún mọ́ yín: ìjálá, ẹ̀sà, rárá, ẹkún ìyàwó. Kí ẹ wá sọ iye tí ó dá lórí akọrin obìnrin ilé ijó fún mi.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní orin hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe lítíréṣọ̀, orin ìdí ọtí ni. Ó dára. Níbo ni àwọn ọdẹ ti ń sun ìjálá? Ṣé kì í ṣe níbi àsè Ògún, nídìí agbè ẹmu? Ẹmu kò dí Adébóyè Babalọlá lọ́wọ́ tí ó fi kó ìjálá jọ, tí ó sì kọ ìwé ńlá lé e lórí ní 1966, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń yìn ín títí di òní. Ọtí tí kò ba ìjálá jẹ́, báwo ni ó ṣe wá ba orin obìnrin jẹ́?

Àwọn mìíràn yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú orin wọn. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó jinlẹ̀. Àwọn kan yóò ní ìwà obìnrin tí ń kọrin lóru kò mọ́. Ta ni ó ti béèrè ìwà ọdẹ kí ó tó ka ìjálá rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: obìnrin ni a ń yẹ ìwà rẹ̀ wò, ọkùnrin ni a ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Èyí kàn wá ní Adó-Èkìtì ju ibòmíràn lọ. Èkìtì ni ó ni alámọ̀, obìnrin sì ni ọ̀gá nídìí rẹ̀. A gbà wí pé lítíréṣọ̀ ni alámọ̀. Bí obìnrin bá wá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, tí gìtá àti fèrè ń gbè é lẹ́sẹ̀, kí ni ó sọ ohùn rẹ̀ di ariwo lásán létí wa? A ń fi ìwé yangàn ní ilẹ̀ yìí. Láti 1933 ni Christ's School ti wà lórí òkè Àgídímọ̀. Ìmọ̀ tí kò lè dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀, ìmọ̀ kí ni?

Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀, kò sì le. Kò sí ẹni tí kò ní fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ nínú wa. Bí a bá gba ìsinmi, kí olúkúlùkù lọ bá àwọn ìyá àgbà ní Ìrọ̀nà, ní Òkè-Ìlá, ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní Ìfàkì. Kí a bi wọ́n pé: ta ni ó ń kọrin nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọge? Níbo ni ẹ ti ń jó? Kí a kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sílẹ̀. Bí a bá rí akọrin náà láàyè, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì fún un lówó, nítorí pé ìyìn kì í ra iṣu. Kí àwọn olùkọ́ wa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àpilẹ̀kọ, kí ilé ìkàwé sì fún un ní àyè.

Bàtílì Àlàkẹ́, ìyá oníwákà ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kú ní 2013. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ orin rẹ̀ méjì? Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwa kò tilẹ̀ dúró gbẹ́ ère náà. À ń retí kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní New York kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn kan ṣì ń bẹ láàyè ní àdúgbò wa, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ẹ dìde, ẹ lọ bi wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.