Ọmọ Tí Itọ́ Ń Dà Lẹ́nu Rẹ̀, àti Oògùn Tí A Fi Ń Dín Itọ́ Kù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn ìyá tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ìjọ, tí aṣọ ìnujú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í wọ́n nínú àpò wọn. Ọmọ wọn lè ti pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́jọ, síbẹ̀ itọ́ kì í dá lẹ́nu rẹ̀. Àyà aṣọ rẹ̀ a máa tutù láti àárọ̀ títí di alẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ a máa bó, àwọn tí ì bá gbé e mọ́ra a sì máa fà sẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Kò jóòótọ́, ó sì ń dá kún ẹrù ẹni tí ẹrù ti wúwo lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọpọlọ wọn fara pa nínú oyún, nígbà ìbí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ilẹ̀ wa, àìtètè mí nígbà ìbí, ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí a kò tètè tọ́jú, àti àrùn yírùnyírùn wà lára ohun tí ó máa ń fà á. Itọ́ tí ń sun lẹ́nu ọmọ náà kò pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ rárá. Gbígbé e mì ni kò rọrùn fún un. Nítorí náà, kì í ṣe oògùn ni a kọ́kọ́ ń sá tọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo eyín rẹ̀, kí wọ́n kọ́ yín bí a ti í gbé e jókòó kí orí rẹ̀ má bàa dorí kodò, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn gìrì tí ó ń lò ló ń dá kún un, nítorí pé clonazepam, fún àpẹẹrẹ, a máa mú itọ́ pọ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, dókítà lè kọ oògùn kan tí ń jẹ́ glycopyrrolate. Ní ọdún 2010 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí ó jẹ́ olómi fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rìndínlógún tí itọ́ ń yọ lẹ́nu gidigidi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé mọ ohun tí gégemu máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá mu ún: ẹnu a gbẹ, ọmọlójú a fẹ̀, ara a gbóná láìlàágùn, onítọ̀hún a sì máa sọ ìsọkúsọ. Ohun tí ó wà nínú gégemu, èyíinì ni atropine àti hyoscine, bá glycopyrrolate tan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé glycopyrrolate kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọpọlọ, nítorí náà kì í sábà da orí ọmọ rú. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbẹ ẹnu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gbẹ òógùn ara, kí ó sé ìgbẹ́, kí ó sì sé ìtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó ní Nàìjíríà, ẹ kíyè sí ti òógùn yìí. Ara tí kò lè làágùn kò lè tutù, ọmọ tí kò sì lè sọ̀rọ̀ kò lè wí pé ooru ń mú òun. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nínú ọkọ̀ tí ó há, lábẹ́ páànù ibi ìpàgọ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ fúyẹ́, ẹ máa fún un lómi, ẹ sì wá ibi tí atẹ́gùn wà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí awọ ara rẹ̀ sì gbẹ, ẹ má kàn rò pé ibà lásán ni, kí ẹ wá tún fún un ní glycopyrrolate mọ́ oògùn ibà. Ẹ dá a dúró, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Bí ọmọ ti wúwo tó ni a fi ń wọ̀n ọ́n. A sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.02 mílígíráàmù fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, dókítà a sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù 15 yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.3 mílígíráàmù. Nínú ìgò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, mílílítà 1.5 ni ìyẹn, nítorí pé 0.2 mílígíráàmù ló wà nínú mílílítà kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n ń tà ní ìlú Ọba tí 0.4 mílígíráàmù wà nínú mílílítà kan rẹ̀! Bí ẹ̀gbọ́n ní Houston bá fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, tí àǹtí ní London wá fi èkejì ránṣẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ tán, tí ìyá sì ń wọn mílílítà 1.5 bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì ni ọmọ ń mu láìsí ẹni tí ó mọ̀. Nígbàkúùgbà tí ìgò bá yí padà, ẹ gbé e tọ dókítà tàbí apoògùn lọ kí ẹ tó ṣí i. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ìdáná, nítorí pé ṣíbí kò dọ́gba.

Wákàtí kan, ó kéré tán, ṣáájú oúnjẹ, tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ fún un, nítorí pé oúnjẹ tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ a máa dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbàgbé ti ọ̀sán, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti alẹ́.

Ìgbẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ jù lọ, pàápàá láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí wọ́n fi kún un. Bí kò bá yàgbẹ́ mọ́, tí inú rẹ̀ wú, tí ó ń bì, tàbí tí kò tọ̀, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sì kàn sí dókítà. Ìgbẹ́ gbuuru òjijì pẹ̀lú lè jẹ́ àmì pé ìfun fẹ́ dí, bí ó tilẹ̀ dà bí òdì kejì rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò fẹ́ fi kún un títí itọ́ yóò fi dá pátápátá, pàápàá bí ìgbéyàwó bá ń bọ̀ tí gbogbo ẹbí yóò wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Itọ́ ló ń fọ eyín, òun náà ló ń mú kí oúnjẹ ṣeé gbé mì. Bí ó bá gbẹ tán, eyín a kẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì ki láyà ọmọ tí kò lè wúkọ́ dáadáa. Aṣọ ìnujú méjì lójúmọ́ dípò mẹ́wàá, a rò pé èrè ńlá nìyẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí ọmọ náà bá ní àrùn ojú glaucoma, ìṣòro àtitọ̀, àìsàn ìfun tàbí ti kíndìnrín. Ẹ sọ gbogbo oògùn mìíràn tí ó ń lò pẹ̀lú, títí kan Piriton tí a máa ń rà fún ara yíyún àti ikọ́, nítorí òun náà ń gbẹ ẹnu. Ẹ má ṣe ra ayédèrú lójú títì; ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC lára ìgò. Olómi yìí sábà máa ń dùn lẹ́nu bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí náà ẹ gbé e sí òkè níbi tí ọwọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ kò ti ní tó o.