Ẹ Jẹ́ Kí Fíríìjì Sinmi

Lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ìyàwó mi tó ro àmàlà tán, iná ti lọ, ó ti dé, lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ti dé, stabilizer wa á dún "ká!", á tan iná pupa, á wá dúró fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí fíríìjì mu iná. Ìkánjú bá gbé mi wọ̀. Mo pe oníṣẹ́ iná pé kó bá mi yọ ìdúró yẹn kúrò. Ó kìlọ̀, mi ò gbọ́. Kò pé oṣù kan tí kọ́mpírẹ́sọ̀ fi jó. Ẹ má bi mí léèló.

Bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, kọ́mpírẹ́sọ̀ a máa ti gáàsì jọ sápá kan. Bí iná bá lọ, gáàsì yẹn á rọra ṣàn padà títí apá méjèèjì á fi dọ́gba. Bí iná bá já wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, mọ́tò á fẹ́ yí, gáàsì ò ní gbà fún un. Á máa fa iná kíkankíkan, wáyà inú rẹ̀ á sì gbóná dé jíjó. Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ò níṣòro, èyí tó dákẹ́ ò níṣòro. Àtibọ́ látinú ọ̀kan sí èkejì ló léwu.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ èyí dáadáa. Ìlànà méjì lè wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á rọlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀, síbẹ̀ kí sísáré pààrọ̀ wọn dà á rú. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó rọlẹ̀, ó lè kọ́kọ́ ru díẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tó ti ru la ti ń yí i, ríru á máa gorí ríru. Ìdúró sì loògùn rẹ̀. Kò béèrè pé ká mọ ìgbà tí iná máa lọ (ta ló mọ̀ ọ́n?). Ní 1999, àwọn onímọ̀ méjì, João Hespanha àti A. Stephen Morse, tiẹ̀ fi hàn pé a lè kánjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìdúró bá ti gùn tó ní ìpíndọ́gba.

Síbẹ̀, a ó dé ọjà, a ó máa bi olùtajà pé: "Èwo ni kì í pẹ́ kó tó gbéná?" Ìdúró tá a sanwó fún la ń pè ní àléébù.

Oníṣẹ́ iná ọjọ́sí náà ló bá mi dá a padà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gba owó rẹ̀.