Ẹ Béèrè Orúkọ Àyẹ̀wò Tí Wọ́n Ṣe fún Yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó! Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Mo máa ń gbọ́ ọ láti Ìdúmọ̀tà dé Ìdúmàgbò: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí nǹkan kan." Tí mo bá ní kí ni wọ́n wò, ẹni náà á ní, "Ẹ̀jẹ̀ náà ni." Ẹni tó bá wá ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ibà nìkan ló wá. PCV ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, genotype ń sọ bóyá AA ni yín tàbí AS. Kò sí èyí tó ń wá hẹpatáítìsì nínú wọn. Ti hẹpatáítìsì B ń jẹ́ HBsAg, ti C ń jẹ́ anti-HCV. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ orúkọ yẹn sórí ìwé, wọn ò ṣe é.

Mo rántí ìyá kan tó ń ta aṣọ. Ó bímọ mẹ́rin, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. A ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá, méjì nínú wọn ní kòkòrò náà lára. Ara wọn le koko, wọn ò mọ nǹkan kan.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tó bá kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, nínú mẹ́wàá bíi mẹ́sàn-án ni yóò máa gbé e kiri. Ó lè tó 20 sí 30 ọdún kí ẹ̀dọ̀ tó pariwo. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ ètò àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwa tí a ti dàgbà ò gbà á. Ìwádìí ìjọba ọdún 2018 rí hẹpatáítìsì B lára 8.1 nínú 100 àgbàlagbà, C lára 1.1. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní 50 èèyàn, ẹ ṣírò rẹ̀.

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn dára. Bí ALT bá ga, ó dà bí èéfín, ẹ wá iná. Ṣùgbọ́n bí èéfín ò bá sí, ẹyín iná lè wà lábẹ́ eérú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹgbẹ́ bá ṣe ètò ìlera, ìfúnpá àti ṣúgà nìkan ni. Ó dára, ṣùgbọ́n ìka tí ẹ gún fún ṣúgà náà lè fún wa ní ẹ̀jẹ̀ hẹpatáítìsì. Èsì ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ká yọ ọ́ nínú owó aṣọ ẹbí, kò ní ba ayẹyẹ jẹ́.

"Kí ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n fún?" Nítorí pé oògùn oníhóró nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ń wo C sàn. Ti B, oògùn wà tó ń dá a dúró. Àwọn mìíràn ò tíì nílò rẹ̀, àmójútó nìkan ni. Bí a bá tún rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di àbágbé nìyẹn. Aláboyún tó bá mọ̀, a lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀: abẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 24 tó bá bí i.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́ tèmi. Hẹpatáítìsì B lára ìyàwó kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ó lè ti kó o láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tàbí láti ara abẹ. Kì í sì ran èèyàn nínú àwo kan náà. Ẹni tó bá sì ń pariwo èsì àyẹ̀wò ẹlòmíràn níbi ètò, nọ́ọ̀sì ni o, àgbà ni o, kó má wá síbi tèmi.

Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé ìpàdé yín: HBsAg, anti-HCV. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ béèrè bóyá ó wà nínú èyí tí wọ́n ṣe fún yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kì í lóyún tí ẹnì kankan ò fi fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá. Ẹgbẹ́ tó bá ti mú ọjọ́, ẹ pè mí.