Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa ní Kánò Gbọ́ Yorùbá

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ ìlú, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀ wa ní Sabon Gari, ọ̀rọ̀ èdè ọmọ wa ni mo bá wá.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Yankaba á ti rí i. Ìyá ń yẹ tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ wò, ó ń fi Haúsá ná an, ó yíjú sí ọmọ, ó ní, "Kó àlùbọ́sà yẹn sínú àpò." Ọmọ kó o, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi dáhùn, ìyá ò sì bá a wí. Bí ìyá àgbà bá pè láti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá yìí kan náà ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti ọmọ tó bí. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Kí ọmọ wa gbọ́ Haúsá yanranyanran, ó dára. Èdè ìlú tó gbà wá ni, òun la fi ń jẹun. Àwa tí a kò sọ Yorùbá nílé la jẹ̀bi. Ẹ wo Ayagi, nínú ìlú Kánò àtijọ́. Oníṣòwò Yorùbá ti tẹ̀dó síbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé àwọn bàbá wa dé. Lónìí, Haúsá ni àrọ́mọdọ́mọ wọn ń sọ. Kò sí òfin tó gba èdè lẹ́nu wọn.

Òfin ló dojú kọ àwọn tó ń sọ Bengali ní tiwọn. Àwọn ló pọ̀ jù ní Pakistan ìgbà náà, síbẹ̀ ìjọba ní Urdu nìkan ni èdè ìjọba. Ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn ní ìlú Dhaka, tó wà lábẹ́ Pakistan nígbà náà, ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn. Abul Barkat àti Rafiquddin Ahmed wà lára àwọn tó kú. Nígbà tó di 1956, òfin orílẹ̀-èdè gba Bengali wọlé. Ní Assam, ní Íńdíà, níbi tí wọn kò ti pọ̀ tó onílẹ̀, ènìyàn 11 tún kú nítorí èdè yìí kan náà ní Silchar, ní 1961. Ọjọ́ ti Dhaka yẹn ni UNESCO sọ di ọjọ́ èdè abínibí fún gbogbo ayé ní 1999.

Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn fún wa. Kí ló wá dé?

Ẹ má wojú ìjọba. Ètò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fagi lé e ní oṣù Bélú 2025. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa, ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní gbogbo Sátidé fún ọmọ wẹ́wẹ́: ìkíni, oríkì, àlọ́, ìwé kíkà. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Ẹ yọ owó wọn nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdọọdún, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Èrèlé tó wọlé.