Ìlera Loògùn Ọrọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Gun Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Dublin àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó la máa ń sọ lójú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ owó náà ni tòní, ṣùgbọ́n ara wa ló dá lé. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹnì kan nínú wa bá ṣubú lójijì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, tẹlifóònù ti ń dún, a ti ń dá owó tí a ó fi gbé òkú relé. A kì í kọ̀, a kì í sì jáfara. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́, èló là ń ná kí ẹni tó wà láàyè má baà kú àìtọ́jọ́?

Ẹ wo iṣẹ́ wa. Awakọ̀ takisí ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, ọ̀sán ló fi ń sùn. Bí ọdún bá sì ń parí ní ìlú yìí, aago mẹ́jọ àbọ̀ á kọjá kí oòrùn tó yọ. Bí aago mẹ́rin bá ti lé díẹ̀, ó ti wọ̀. Òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ta ni yóò jáde lọ sáré? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò ní sinmi nítorí òtútù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ 30 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ọ̀pọ̀ wa á tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan ní jíìmù lóṣù Kìíní. Kí Àjíǹde tó dé, a ò lọ mọ́, ṣùgbọ́n báńkì ò yé yọ owó lóṣooṣù. Tọkọtaya a sì san tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò ni èyí tí wọ́n ń pè ní turbo trainer. Irin ìdúró kan ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣeé ká jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ ó gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere yín lé e, ẹ ó há a mọ́ ọn, táyà ẹ̀yìn á fara ti róólà kékeré kan. Bí ẹ bá ń wà á, táyà á máa yí róólà, ẹ̀yin ò sì ní kúrò lójú kan. Fáànù, òòfà tàbí omi tó ki ló ń mú kó le bí ìgbà tí a ń gun òkè. Onífáànù ló ń pariwo jù, nítorí náà kí ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì má rà á. Ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, kí aládùúgbò ìsàlẹ̀ lè sùn. Kẹ̀kẹ́ kan tó tọkọtaya: ìjókòó nìkan lẹ ó máa gbé sókè sódò.

Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́, kó béèrè níbi iṣẹ́ nípa ètò Cycle to Work, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ọ̀gá yín á ra kẹ̀kẹ́ tuntun, wọn á máa yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù yín kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ó lè tó €1,250, tàbí €1,500 bó bá jẹ́ oníbátìrì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Fún ẹni tó ń san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kẹ̀kẹ́ €500 á dá €100 owó orí sí, láìtíì ka PRSI àti USC. Ṣùgbọ́n ìrìn iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà fún ní pàtàkì, ètò náà kò sì san owó turbo trainer. Kì í ṣe dandan fún ọ̀gá láti ṣe é, awakọ̀ takisí tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ kò sì lè wọ̀ ọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá àlòkù lórí DoneDeal tàbí Adverts.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé láàárín oṣù méjì, ibi tí a ń sá ankara sí ni yóò dà. Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ra méjì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú owó ìdógò díẹ̀. Ẹni tó bá wà á títí, kó ra tirẹ̀. Ẹni tó bá fi sá aṣọ, kó dá a padà, kó gba owó rẹ̀. Bí a bá yọ díẹ̀ lára owó aṣọ ẹbí àti ayẹyẹ òpin ọdún, a ó rí i rà.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn bí táyà bá ń yí, ìka ń bọ́ síbẹ̀.

Owó òkú, a ó máa dá a. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó alààyè pẹ̀lú. Ọlọ́run á jẹ́ kí a pẹ́ fún ara wa. Àmín.